Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì àti Orúkọ Èṣù

Ilé kan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, kì í sì í ṣe ilé òrìṣà.

Ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ ní 1845. Òun ni a kà sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Òdìkejì omi ni Gbẹrẹfu wà, níbi tí a ti ń kó ẹrú gba ojú òkun lọ. Ìlú Ègùn ni Àgbádárìgì. Fá ni wọ́n ń pe Ifá, Lẹ̀gbà ni wọ́n ń pe Èṣù. Àwọn méjèèjì sì ti ní ojúbọ níbẹ̀ kí ajíhìnrere kankan tó gúnlẹ̀.

C. A. Gollmer, ọmọ Jámánì, ni ó kọ́ ọ. Samuel Àjàyí Crowther bá wọn dé ní oṣù kìíní ọdún náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá ti kú, ogun sì dí ọ̀nà, ni wọ́n bá dúró. Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí Crowther tó ráyè lọ ní 1846.

Àwọn tí ń fi ilé náà han àlejò a máa wí pé inú rẹ̀ ni a ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Àsọdùn ni. Sàró ni Crowther ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà; ìwé Róòmù jáde ní 1850, odidi Bíbélì kò sì parí títí di 1884, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn bíi Thomas King. Apá kan iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ ni ilé yìí rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì yẹn. Wọ́n mú ẹbọ lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì fi í fún Ọlọ́run wọn láìyí ìtumọ̀ rẹ̀ padà: ẹbọ sísun, ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n mú àlùfáà àti wòlíì lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tó kan ọ̀tá Ọlọ́run, Bìlísì wà lẹ́nu Mùsùlùmí, Sátánì sì wà nínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ Èṣù ni wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbọ di ohun mímọ́, tí ẹni tí ń gba ẹbọ, tí ó sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà, wá di olórí ibi. Ta ni yóò wá gbé e? Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ Èṣù ní oríta mọ̀ pé ìtumọ̀ yìí kò dúró.

N kò sọ pé ìkà ni Crowther. Ọmọ Yorùbá tí a tà sóko ẹrú ni, ó sì fẹ́ràn èdè yìí dé ojú àmì. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọmọ inú ilé Ifá ń jó lójúbọ lálẹ́, ó sì ń bẹ̀rù orúkọ Èṣù ní ilé ìwé láàárọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ti fi ehónú hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Èṣù kì í ṣe Sátánì; iṣẹ́ wa ni wọ́n ń bá wa ṣe.

Bí a bá kó àwọn ọmọ lọ sí Àgbádárìgì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé náà, kí wọ́n wo ọ̀sà láti òkè. Lẹ́yìn náà, kí àwọn àgbà Ègùn mú wọn dé ojúbọ Lẹ̀gbà.