ORTHOGONAL: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ NÍNÚ JIỌ́MẸ́TÌRÌ ÀTI NÍNÚ ÈDÈ KỌ̀ǸPÚTÀ

Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà orthogonal ti wá. Orthos ni 'ohun tí ó dúró ṣánṣán', gonia sì ni 'igun'. Nínú jiọ́mẹ́tìrì, ìlà méjì tí ó bá pàdé ní dígírì 90 ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣètò èdè kọ̀ǹpútà náà a máa lo ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí igun kankan nínú èdè kọ̀ǹpútà. Kí ni ìlò méjèèjì fi bára tan? Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni ó sì lè gba méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ kan tí igun rẹ̀ gún régé. Ẹni tí ó bá rin ẹsẹ̀ bàtà 100 ní òòró rẹ̀ kò tíì sún sí ìbú rárá. Bí ó bá sì rin 50 ní ìbú, 100 ti òòró kò yẹ̀. Ìṣirò jẹ́rìí sí i: ìrìn àkọ́kọ́ ni (100, 0), èkejì ni (0, 50), bí a bá ro 100 × 0 pọ̀ mọ́ 0 × 50, òfo ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí igun ilẹ̀ náà bá wọ́, bí a ti ń tọ ẹ̀gbẹ́ kan lọ ni a ó máa sún sí ìhà kejì pẹ̀lú.

Ohun kan náà ni Adriaan van Wijngaarden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lépa nínú èdè ALGOL 68: kí ìpìlẹ̀ èdè náà mọ níwọ̀n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè bá èkejì ṣiṣẹ́ láìsí òfin àyàsọ́tọ̀. Nínú èdè C, function lè dá struct padà, ṣùgbọ́n kò lè dá array padà. Irú àyàsọ́tọ̀ báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ níláti há sórí. ALGOL 68 kò fi irú ìdènà bẹ́ẹ̀ sí i.

Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ orthogonal sí 'onígun 90', jiọ́mẹ́tìrì nìkan ni a túmọ̀. Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni àìkóbára: òòró kò kó bá ìbú, irú dátà kò kó bá iṣẹ́ function. Òótọ́ ni pé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, wàhálà ni ẹnìkan máa ń kó bá ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ yẹn ni a níláti yọ kúrò bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìperí. Síbẹ̀, ó gbé kókó tí ó so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀, èyí tí 'igun' kò lè gbé.