Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo ni oníròyìn ṣe ń gba káàdì ìwọlé sí AFCON, ìdíje ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Áfíríkà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníròyìn eré ìdárayá ní Ṣómólú àti Bàrígà l'Ékòó, ṣé káàdì SWAN, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn eré ìdárayá Nàìjíríà, nìkan tó? Rárá o!

1. Orí CAF Media Channel, ìkànnì oníròyìn ti àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà (CAF), lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má san kọ́bọ̀ fún alágbàtà kankan.

2. Ẹ tètè tọ́jú fọ́tò, pásípọ́ọ̀tù àti lẹ́tà iléeṣẹ́ ìròyìn yín. Tí gbèdéke bá ti kọjá, ó parí.

3. Káàdì kì í ṣe físà. Ọ̀tọ̀ lẹ máa wá ìyẹn.

4. Káàdì ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú, bó ti wù kó dán tó, kò lè mú yín wọlé.

CAF ti gbé AFCON 2027 fún Kenya, Tanzania àti Uganda. Ẹ múra sílẹ̀!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in kó dé ọ̀dọ̀ oníròyìn tó nílò rẹ̀.