Kí Màmá tó tẹ̀lé wọn wọ aṣálẹ̀ Arizona: ẹ béèrè omi, ẹ béèrè ìwé

Ohùn admin, apá kìíní dé apá karùn-ún. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn.

  Èmi admin yín ni. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tó ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ rántí fọ́tò àbúrò mi ọkùnrin tí mo fi síbí, èyí tó ń gbé ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, l'Amẹ́ríkà. Òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn mẹ́ta níwájú àgọ́. Ẹnì kan bi mí pé, "Bọ̀dá admin, ṣé ilé ò sí mọ́ ni wọ́n fi ń sùn nínú igbó?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹran ìgbẹ́ yẹn ńkọ́, èló ni wọ́n ń tà á?" Ìyẹn, ọlọ́jà gidi ni.

Ilé wà o. Bí àwa ṣe ń kó ọmọ lọ sílé lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́hùn-ún ṣe ń kó ọmọ lọ pàgọ́, kí wọ́n ṣọdẹ díẹ̀, kí wọ́n sì padà síbi iṣẹ́ ní Monday. Ìdí tí mo fi wádìí rẹ̀ ni pé ìyá wa wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Màmá ti pé ẹni ọdún 69, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò mi fẹ́ mú wọn dání ní February, oorun méjì nínú aṣálẹ̀. Ó pè mí gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí pé kí n fọwọ́ sí i. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí ohun tí n kò mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀yin tí òbí yín ń lọ kí ọmọ lókè òkun, ẹ fetí sí i dáadáa.

ÀKỌ́KỌ́, IRÚ ILẸ̀ TÓ JẸ́

Kì í ṣe yanrìn lásán bí Sàhárà tí à ń wò nínú fíìmù. Òkè olókùúta ni, pẹ̀lú igi kúkúrú àti igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní cactus. Èyí tó ga jù tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò yẹn, saguaro lorúkọ rẹ̀. Ó lè ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, òfin sì wà tó ń dáàbò bò ó, ẹ ò lè kàn gé e.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní 2023, ní ìlú Phoenix, ọjọ́ 31 léraléra ni ooru fi dé 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Sókótó mọ ohun tí 43 jẹ́. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí òbí yín wá pàgọ́ nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ yẹn ní June tàbí July, ẹ ní ó tì.

Láti January sí March ni wọ́n máa ń lé ẹran kan tí wọ́n ń pè ní javelina. Ọ̀sán ìgbà yẹn máa ń tuni lára, ṣùgbọ́n òru tutù. Lórí òkè, omi inú ike lè dì mọ́jú. Ẹ̀yin ará Jos tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́, ẹ ti mọ ẹ̀wù tí Màmá máa kó dání.

Javelina yẹn jọ tùùkú kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ gidi. Ẹ̀yin Alhaji wa, ẹ dákun, mo kàn ń ṣàlàyé ni. Ó máa ń wọn tó kílò 20 sí 25. Agbo ni wọ́n ń rìn. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, imú wọn ló mú, nítorí náà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni ọdẹ máa kọ́kọ́ wò. Ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ìdí tó ń rùn. Tí ọwọ́ tó kan ibẹ̀ bá tún lọ kan ẹran, òórùn náà á gba inú ọbẹ̀.

ÈKEJÌ, ÌWÉ

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó jogún ìbọn bàbá rẹ̀, tó sì mọ igbó, ọdẹ ni. Lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ ìjọba kan ló ń darí rẹ̀, Arizona Game and Fish lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ǹsì. Ìyẹn nìkan kò tó. Fún ẹran ńlá, ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní tag, ìwé kan fún ẹran kan. Tó bá ti pa á, ojú ẹsẹ̀ ló máa lo tag yẹn fún un. Kò sí pé "ẹ jẹ́ kí n pa ìkejì."

Ọ̀pọ̀ tag yẹn, ìbò ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ló ń lọ. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá jáde, wọ́n á fún un ní àmì tó máa ràn án lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wò ó bí àjọ tí nọ́ńbà yín kò tíì kàn. Ẹni tó ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n kà sí ọmọ ilé. Àlejò ń san owó tó ju tiwọn lọ dáadáa.

Ti àwọn ọmọdé, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ pa ẹran ńlá. Láti 10 dé 13, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ, kó sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ọlọ́dún 11 ti ṣe tiẹ̀. Ìdí ìbọn, ibi tí ọta lè balẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe ń kọjá wáyà pẹ̀lú ìbọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Èyí ọlọ́dún 7, ọ̀dọ̀ Màmá ló máa wà.

Wọn kì í fi iná lé javelina lóru. Ẹ̀yin tí bàbá yín ń de àtùpà mọ́rí wọ igbó lóru, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn lọ́hùn-ún. Ojú mọmọ nìkan ni. Wọn kì í yìnbọn láti inú mọ́tò, wọn kì í sì yìn ín láàárín bíi mítà 400 sí ilé tí èèyàn ń gbé láìgba àṣẹ.

Ilẹ̀ náà ní olówó. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ pọ̀ gan-an níbẹ̀, ẹ lè pàgọ́ sí púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ àtijọ́, irú bí Tohono O'odham tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tucson, àṣẹ wọn lẹ máa gbà lọ́tọ̀. Láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kò tó níbẹ̀. Àwa tí à ń gbé nílùú onílùú, kò yẹ kí wọ́n kọ́ wa níyẹn.

ÈKẸTA, ÌBỌN ÀTI FÍÍSÀ

Èyí ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ní èèyàn lọ́hùn-ún. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́, kódà ọta kan ṣoṣo. Ẹni tó fi fíísà ìbẹ̀wò wọlé, bíi Màmá, náà wà nínú òfin yẹn, àfi tó bá ní ohun tí òfin yọ sílẹ̀, irú bíi láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì wúlò. Ẹni tó ní green card kò sí lára wọn. Ẹ̀wọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì lè torí ẹ̀ lé èèyàn kúrò nílùú.

Nítorí náà mo sọ fún àbúrò mi pé Màmá kò ní fọwọ́ kan ìbọn. Kò sí "Màmá, ẹ gbá a mú ká ya yín." Ẹ mọ bí fọ́tò ṣe dùn mọ́ wa tó. Tí ọ̀rọ̀ ìwé tiyín bá lọ́jú pọ̀, lọ́yà ni kẹ́ ẹ lọ bá, ẹ má bi mí nínú gúrúùpù.

ÈKẸRIN, ẸRAN YẸN KÌ Í ṢE ỌJÀ

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀yin ọlọ́jà. Ọdẹ lè jẹ ẹ́, ó lè fi ta ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹran ìgbẹ́ yíyan sójú títì bíi ti wa.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n ti tà á rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láyé ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, àwọn ọdẹ ń pa ẹfọ̀n Amẹ́ríkà nítorí awọ rẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹran àti ẹyẹ lọ sọ́jà nínú rélùwéè. Ẹfọ̀n tó tó mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ já sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹyẹlé igbó kan wà tó máa ń ṣú ojú ọ̀run tó bá ń fò kọjá. Èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ kú sínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati ní 1914. Ní 1900 ni wọ́n ti ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Lacey Act, pé ẹran tí wọ́n bá pa láìbófin mu, wọn kò gbọdọ̀ gbé e láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní òmíràn. Ní 1937, wọ́n tún ṣe òmíràn pé owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ìbọn àti ọta, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn, títọ́jú ẹranko ni kí wọ́n máa ná an sí. Ẹni tó ń ra ọta ló ń sanwó ìtọ́jú igbó. Ìṣirò tó yé ọlọ́jà nìyẹn: ẹni tó bá jẹ ojú owó, ṣọ́ọ̀bù á tì.

ÈKARÙN-ÚN, OMI

Mi ò béèrè ejò tó omi. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi píọ̀ wọ́tà ṣírò rẹ̀. Báàgì kan, ọ̀rá 20 ni, lítà 10. Èèyàn mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́ta, bíi báàgì méje. Ti mọ́tò lọ́tọ̀. Kò sí mállam tó máa ti omi wá fún yín níbẹ̀. Kí wọ́n pín in sínú kẹ́ẹ̀gì púpọ̀, torí tí ọ̀kan bá jò, òmíràn á wà. Ẹ má sì dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín, torí òtútù kì í jẹ́ kí àgbàlagbà rántí omi.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó lọ. Tí orí bá ń fọ́ni, tí òòyì ń kọ́ni, tí èébì ń gbéni, ẹ wá ibòji, ẹ mu omi. Tí ara bá gbóná, tó wá ń sọ̀rọ̀ tí kò já síra wọn, ẹ da omi sí i lára, ẹ pe 911.

Omi tó pọ̀ jù náà ń pani níbẹ̀. Àwọn ojú odò gbígbẹ wà, yanrìn rẹ̀ tẹ́jú, ó rọ̀, ó dà bí ibi tó dáa jù láti pàgọ́. Ẹ má sùn síbẹ̀. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kí ojú ọ̀run yín mọ́ kedere, kí àgbàrá sì dé bá yín lójú oorun. Láti àárín June dé òpin September ni òjò yẹn le jù. Láti 1995, òfin kan wà ní Arizona pé ẹni tó bá yí ìdènà kọjá, tó wa mọ́tò wọ ọ̀nà tí omi bò, wọ́n lè gba owó ìgbàlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Maiduguri, lẹ́yìn ohun tójú yín rí ní September 2024, mi ò ní láti sọ fún yín pé ilẹ̀ gbígbẹ máa ń rí omi.

Ẹ tún gbọ́ o: ibi tí ẹran ti ń mumi, ẹ ò gbọdọ̀ pàgọ́ sítòsí rẹ̀. Òfin ní kẹ́ ẹ jìnnà tó bíi mítà 400, kẹ́ ẹ má baà dí ẹran lọ́nà. Nínú aṣálẹ̀, ẹni tó jókòó ti omi ti gba ẹ̀mí gbogbo ẹni tó kù.

Ti kòkòrò kò gùn. Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àkekèé ibẹ̀ máa ń tàn yòò tí wọ́n bá tan iná tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sí i, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Cactus kan wà tó ń jẹ́ cholla, tó ń lẹ̀ mọ́ni lára. Òòyà ni wọ́n fi ń yọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́.

ÌPINNU WA

Èmi àtàwọn àbúrò mi jókòó lórí fóònù. A ní kí Màmá lọ, oorun kan ṣoṣo, kì í ṣe méjì. Ibi tí mọ́tò lè dé ni kí wọ́n pàgọ́ sí. Ìyàwó àbúrò mi máa dúró tì wọ́n, kò ní tẹ̀lé ọdẹ gun òkè. Oògùn wọn á wà nínú báàgì ọwọ́ wọn. Torí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í sí níbi púpọ̀, wọ́n máa kọ ibi tí wọ́n ń lọ àti wákàtí tí wọ́n máa padà sílẹ̀ fún ẹnì kan ní Tucson. Tí wákàtí yẹn bá kọjá, kó pe àwọn agbófinró. Tí mọ́tò bá bàjẹ́, kẹ́nikẹ́ni má fi mọ́tò sílẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti le jù." Mo ní ó ṣeé ṣe. Màmá fúnra wọn ní àwọn ti sùn sóko rí kí a tó bí àwa méjèèjì, pé kí a ra ibọ̀sẹ̀ tó nípọn fáwọn.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ jọ̀ọ́. Owó àjọ Friday, nọ́ńbà 7 ló kàn. Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo àwọn òbí wa nílé àti lẹ́yìn odi. Ó dàárọ̀ o.