Ìwọ̀nba Omi Ni Ó Ń Fọ Fèrèsé Òkè

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí omi bá gba ojú fèrèsé wọ yàrá rẹ̀, tí ó sì ba ibùsùn, ìwé àti rédíò rẹ̀ jẹ́, kì yóò ka omi ọjọ́ náà sí ọ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ láti ṣe àlàyé fún àwọn olùgbé Festac Town àti gbogbo agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nípa ọ̀nà kan tí a fi ń fọ fèrèsé ilé gíga láti ilẹ̀, àti nípa ohun tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, èyí tí í ṣe ìdarí omi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ bí Festac Town ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tí ó wá sí Àjọ̀dún Kejì ti Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú àti ti Áfíríkà, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà ni àwọn ilé wọ̀nyí di ibùgbé àwọn ará ìlú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé wọn sì pọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ òkè ọya a bo gíláàsì. Afẹ́fẹ́ òkun, tí kò jìnnà sí wa, a máa gbé iyọ̀ wá. Èéfín ọkọ̀ àjàgbé tí ń gba Mile 2 lọ sí èbúté Àpápá àti Tin Can Island a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn bí òróró.

Láti ìgbà pípẹ́, àkàsọ̀, korobá àti àkísà ni a fi ń fọ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Ewu rẹ̀ kò fara sin. Àkàsọ̀ a máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ẹni tí ó bá sì ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì já bọ́ lè kú, tàbí kí ó di aláàbọ̀ ara. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 pa á láṣẹ pé bí iṣẹ́ kan bá ṣeé ṣe láti ilẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ má ṣe rán ènìyàn gun òkè nítorí rẹ̀. Òfin náà wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pá olómi gbilẹ̀ láàárín àwọn afọ-fèrèsé níbẹ̀.

Ọ̀pá olómi kì í ṣe ohun ìyanu. Ó jẹ́ ọ̀pá gígùn tí a lè fà jáde ní ìpele-ìpele, tí búrọ́ṣì wà lórí rẹ̀. Rọ́bà omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti inú táńkì wá, ẹ̀rọ ìfami kékeré tí ń lo bátìrì ni ó sì ń ti omi gba inú rọ́bà náà lọ sókè. Omi a sì gba ihò kéékèèké tí ó wà lára búrọ́ṣì tú sí ojú gíláàsì. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ dúró ní ilẹ̀. Búrọ́ṣì ń họ ìdọ̀tí kúrò, omi sì ń gbé e lọ. A kì í fi aṣọ nù ún lẹ́yìn náà. Gíláàsì a gbẹ fúnra rẹ̀.

Níwọ̀n bí a kò ti ní fi aṣọ nu gíláàsì, omi tí a lò gbọ́dọ̀ mọ́ ju omi lásán lọ. Gbogbo ìyá ilé tí ń fi omi kànga ẹ̀rọ fọ aṣọ funfun ní agbègbè yìí ni ó mọ̀ pé omi náà a máa ní irin nínú ní ọ̀pọ̀ ibi, tí yóò sì mú kí aṣọ pọ́n bí ìpáàrà. Bákan náà ni yóò ṣe fún gíláàsì: nígbà tí omi bá fà lọ, irin àti iyọ̀ tí ó yòrò nínú rẹ̀ kì í bá a lọ, wọ́n a dúró sójú fèrèsé bí àbààwọ́n. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ fi ń sẹ́ omi lọ́nà méjì. Èkíní ni asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, tí a ń fi agbára ti omi gba inú rẹ̀ kọjá. Èkejì ni àwọn hóró kéékèèké tí a ń pè ní resin, tí ń gba iyọ̀ àti irin mọ́ra títí wọn yóò fi yó. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré kan wà tí ń sọ iye ohun tí ó ṣẹ́kù nínú omi. Bí ó bá ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan, kò yẹ kí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣan gíláàsì.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Asẹ́ tí a kọ́kọ́ dárúkọ yìí lè da lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ nù kí ó tó fún wa ní lítà kan tí ó mọ́, resin sì ń fẹ́ owó láti pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi láti inú ilẹ̀, àwọn mìíràn sì ń rà á lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí omi mímọ́ máa ṣàn lásán lára ògiri, owó ni ó ń dà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Fún fèrèsé ilé lásán, lítà 1 sí lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan tó fún ọ̀pá kan. Bí ó bá jẹ́ lítà 2, wákàtí kan yóò gba lítà 120, èyí tí í ṣe bíi kẹ́ẹ̀gì 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 25. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí omi sílẹ̀ dé lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan náà yóò jẹ lítà 300, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì 12. Táńkì lítà 400 tí ìbá bá wa dé wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 yóò gbẹ ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, gíláàsì kì yóò sì mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí búrọ́ṣì ni ó ń họ ìdọ̀tí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí omi bá ti kéré tó ni ó ti dára tó. Bí omi bá kéré jù, ìdọ̀tí tí búrọ́ṣì ti họ kì yóò rí ohun tí yóò gbé e lọ. Yóò gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì, oníṣẹ́ yóò sì ní láti tún un ṣe. Ẹni tí ó tún iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì kò tọ́jú omi.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìwọ̀n omi tí ń jáde? Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé búrọ́ṣì sí ẹnu korobá tí ó gba lítà 10, kí ẹ sì wo aago. Bí korobá bá kún ní ìṣẹ́jú 10, lítà 1 ni ó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú 5, lítà 2 ni. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú 2, ó ti pọ̀ jù. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé nọ́mbà tí ó wà lójú ẹ̀rọ adarí nìkan, nítorí nọ́mbà náà kì í ṣe iye lítà. Bí ẹ̀rọ ìfami ti ń sáré sí ni ó ń fi hàn.

Ibi mẹ́ta ni a ti ń darí omi. Èkíní ni ẹ̀rọ adarí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, níbi tí a ti ń mú kí ẹ̀rọ ìfami yára tàbí kí ó rọra. Èkejì ni táàpù kékeré tí ó wà nídìí ọ̀pá, níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ lè dé. Táàpù yìí ni kí a máa tì nígbàkigbà tí a bá ń rìn láti fèrèsé kan sí òmíràn. Bí a bá ti tì í, ẹ̀rọ adarí tí a tò dáradára yóò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, yóò sì dá ẹ̀rọ ìfami dúró; bí a kò bá tò ó dáradára, ẹ̀rọ náà yóò máa tì í títí rọ́bà yóò fi já kúrò lẹ́nu ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ihò ara búrọ́ṣì. Ihò tóóró a máa jẹ́ kí omi díẹ̀ jáde pẹ̀lú agbára. Ihò gbòòrò a máa fẹ́ omi púpọ̀.

Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé omi kì í gun òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀pá bá ti ń ga sí i ni omi tí ń jáde ń dín kù. Rọ́bà gígùn tàbí rọ́bà tóóró a máa dín in kù pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì tí agbára rẹ̀ ti ń tán. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ìsàlẹ̀ lè kéré jù fún òkè. Kí oníṣẹ́ fi díẹ̀ kún un nígbà tí ó bá ń fọ òkè, kí ó sì tún dín in kù nígbà tí ó bá sọ̀kalẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á ṣí omi nítorí òkè, wọn kì yóò sì rántí rẹ̀ mọ́.

Nísinsìnyí, a dé orí lúfà, èyí tí í ṣe fèrèsé gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Festac. Àwọn gíláàsì lúfà gun ara wọn bí páànù òrùlé. Òjò tí ń ti òkè bọ̀ a máa ṣàn kúrò lórí wọn, kò sì ní wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní ilẹ̀ tí ó sì na ọ̀pá sókè, ìsàlẹ̀ ni omi tirẹ̀ ti ń wá; ó lè tú gba abẹ́ gíláàsì kan wọ inú yàrá. Nítorí náà, kí a ti lúfà pa pátápátá. Kí a dín omi kù dé bíi lítà 1 ní ìṣẹ́jú kan. Kí a gbé búrọ́ṣì dé òkè kí a tó ṣí táàpù, kí a sì máa fà á wá sí ìsàlẹ̀ nìkan, kí a má ṣe tì í sókè. Bí gíláàsì kan bá ti fọ́ tàbí tí ó ti yọ, ọwọ́ ni kí a fi fọ ibẹ̀ láti inú yàrá. Kí onílé tẹ́ aṣọ sí ìdí fèrèsé, kí ó sì gbé ohun èlò iná kúrò nítòsí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Fún fèrèsé aláfàtì, ìlànà rẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ fọ férémù òkè, kí a sì dúró díẹ̀ kí omi ibẹ̀ ro tán, nítorí omi ìdọ̀tí tí ó bá kán lẹ́yìn tí a ti ṣan gíláàsì yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a fi omi díẹ̀ họ gíláàsì, kí a sì wá fi omi tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ṣan án láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ewu kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Wáyà iná gba ọ̀pọ̀ òpópónà wa kọjá, ó sì súnmọ́ ilé ní ibi púpọ̀. Ọ̀pá tí a fi kábọ́ọ̀nù ṣe a máa gbé iná mànàmáná. Ọ̀pá mìíràn tí omi bá sì ti tutù kò ṣeé fọkàn tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọ̀pá sókè ní ibi tí ó lè ṣubú lu wáyà tàbí súnmọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe darí omi sí mítà iná, ẹ̀rọ amúlétutù tàbí jẹnẹrétọ̀.

Fún ẹni tí ó fẹ́ dín ìnáwó kù, òjò jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rere. Òjò mìlímítà 10 lórí òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà 100 níbùú-lóòró ń mú nǹkan bíi lítà 1,000 wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ òrùlé, omi tí a gbè lẹ́yìn rẹ̀ a máa mọ́ ju omi kànga ẹ̀rọ lọ púpọ̀, resin yóò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀rọ ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ní ìparí, kí omi tí ó ṣàn wálẹ̀ lọ tààrà sí ojú gọ́tà. Bí ó bá dá adágún sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ̀fọn yóò rí ibi yé ẹyin sí, àwọn ọmọdé a sì máa yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Àwa ń rọ onílé àti ayálégbé láti béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: lítà mélòó ni ń jáde ní ìṣẹ́jú kan? Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé korobá kalẹ̀, yóò sì fi hàn wọ́n.