Wèrè Òjijì: Kí Á Tó Dá Àlùjànnú Lẹ́bi

Bí ọmọge tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ṣàdédé ń bá ògiri sọ̀rọ̀ lónìí, tí kò sùn, tí ó ń ké pé wọ́n ń lé òun, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé àlùjànnú ni, tàbí pé ayé ti fọwọ́ bà á. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀.

Ní ọdún 2007, Dókítà Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé àìsàn kan. Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti máa bá àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà ṣìnà, wọ́n sì dojú ìjà kọ ọpọlọ ẹni tí ó ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni ó ń mú jù. Nígbà mìíràn, kókó kan níbi tí ẹyin ọmọ wà nínú obìnrin ni ó fà á.

Ó ṣe oníwèé ìròyìn kan ní New York ní 2009, Susannah Cahalan, ọmọ ọdún 24. Dókítà Souhel Najjar ní kí ó ya aago; apá ọ̀tún nìkan ni ó kó gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni dókítà ti fura pé ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Orí fífọ́ tàbí ibà a máa ṣáájú. Ìṣesí wèrè a tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni gìrì, àti ahọ́n tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà yóò fa omi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tí ń pẹ̀tù sí ìjà náà wà. Bí kókó bá wà, wọn a yọ ọ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2013 fi hàn pé nínú àwọn tí a tẹ̀lé fún ọdún méjì, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ara wọn bọ̀ sípò dáadáa. Àwọn tí a tètè tọ́jú ni ó sàn fún jù.

Kì í ṣe gbogbo wèrè ni àìsàn yìí o. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe ẹgba, kì í sì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé tòmátò tí ó ti ń rọ̀ kì í dúró de ọjọ́ ọjà. Ìlúpéjú kò jìnnà sí ọsibítù Yábàá tí ó ti wà láti 1907, tàbí ọsibítù ńlá Ìdí-Àràbà. Ànábì wa kò kọ oògùn fún wa. Ẹ gbé aláìsàn lọ. A lè ṣe àdúà nínú mọ́tò.

Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà. Àmín.