Ọmọ Aláìgbọràn tí Kò Dalẹ̀: Ìwà Jim Hawkins nínú Treasure Island

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni yóò rántí Jim Hawkins, akọni kékeré inú ìwé tí Robert Louis Stevenson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, tẹ̀ jáde ní 1883. Bí a bá fi ojú àgbà ilé wa wo ọmọ náà, ẹgba ni a ó kọ́kọ́ bèèrè fún un. Kì í tọrọ ààyè kí ó tó jáde. Ó bá àwọn ajalèlókun wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ìjà ti pa nínú àwọn ènìyàn tirẹ̀ nínú ọgbà onígi, ó tún di bísíkíìtì sí àpò, ó mú ìbọn, ó yọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ìtàn náà, kò sì fi bò pé òun ṣe ohun tí kò dára.

Bẹ́ẹ̀ ìjáde àkọ́kọ́ ló fi bá Ben Gunn pàdé, ẹni tí wọ́n ti já sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún 3. Èkejì ló fi gba ọkọ̀ Hispaniola padà. Kì í sì í ṣe pé kò mọ ẹ̀rù. Nígbà tó wà nínú àgbá èso ápù, tó ń gbọ́ bí Long John Silver, alásè ẹlẹ́sẹ̀ kan, ti ń gbìmọ̀ ìpànìyàn, ìbá ti fò jáde sá lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbé e.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo gbà pé ìwà rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Atukọ̀ arúgbó kan tó jẹ wọ́n lówó kú sí ilé èrò wọn, owó wúrà sì wà nínú àpótí rẹ̀. Àwọn ajalèlókun ń bọ̀ lóru, síbẹ̀ opó yìí kúnlẹ̀ ti àpótí, ó ń ka owó: iye gbèsè rẹ̀ nìkan ló fẹ́, kò fẹ́ kọ́bọ̀ lé e. Ní tèmi, ǹ bá ti gbé àpótí náà lódindi!

Nígbà tí Jim bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajalèlókun, Silver kò jẹ́ kí wọ́n pa á. Dókítà Livesey wá wo àwọn aláìsàn wọn, ó bèèrè láti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Silver gbà, lẹ́yìn tí Jim ti ṣèlérí pé òun kò ní sá. Nídìí ọgbà, dókítà ní kó fò jáde kí àwọn jọ sá lọ. Ẹ̀bi rẹ̀ yóò wà lórí òun. Jim kọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ìyà tí wọ́n lè fi jẹ òun ń bà òun, ṣùgbọ́n òun ti fún Silver ní ọ̀rọ̀ òun.

Àgbà tó kàwé ló ní kó dalẹ̀, olè ló ṣèlérí fún. Bí ó bá fò, ta ni yóò bá a wí? Èmi ò ní bá a wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un ju àwọn akọni tó ń fi idà ṣẹ́gun lọ.

Silver rí gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè, ó sì yìn ín. Lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n ti ń lọ wa ìṣúra, okùn wà ní ìbàdí Jim, Silver sì ń fà á lọ bí ewúrẹ́.