Nọ́ńbà aláìṣeépín: àpẹẹrẹ 65,537

Nọ́ńbà aláìṣeépín ni odidi nọ́ńbà tí ó ju 1 lọ, tí odidi nọ́ńbà mìíràn kò lè pín láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bí ìyá ọlọ́sàn kan ní Old Garage, Òṣogbo, bá ní ọsàn 17, tí ó fẹ́ kó wọn sí òkìtì tí ó dọ́gba, ní méjì-méjì ọ̀kan yóò ṣẹ́kù, ní mẹ́ta-mẹ́ta méjì yóò ṣẹ́kù. Àfi kí ó tà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó kó gbogbo wọn sójú kan.

Àwọn kan ń pè é ní “nọ́ńbà àkọ́kọ́”. Ìtumọ̀ yìí kò dára. Ẹni tí ó bá gbọ́ “àkọ́kọ́”, 1 ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí, bẹ́ẹ̀ 1 gan-an kò sí lára wọn. “Aláìṣeépín” sàn jù, ṣùgbọ́n kí olùtumọ̀ má gbàgbé “láìṣẹ́kù” nínú àlàyé rẹ̀: ọsàn 17 ṣe é pín fún ènìyàn mẹ́ta, bí ẹnìkan bá gbà kí tirẹ̀ kéré.

Ojú odù Ifá jẹ́ 16. Bí a bá so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n di 256, iye gbogbo odù. Ìlọ́po 256 lọ́nà 256 sì jẹ́ 65,536. Bí a bá fi ọ̀kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó rí 17, 257 àti 65,537, aláìṣeépín sì ni gbogbo wọn. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Ní 1732, Leonhard Euler fi hàn pé èyí tí ó tẹ̀ lé e, 4,294,967,297, ṣe é pín sí ọ̀nà 641 láìṣẹ́kù. Títí di òní, a kò rí aláìṣeépín kankan tí ó ju 65,537 lọ nínú ìran yìí.

Ó ṣeé ṣe kí fóònù ìyá ọlọ́sàn náà ti lò ó lónìí. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ RSA, ọgbọ́n ààbò tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé kalẹ̀ ní 1977. Nínú òǹkà kọ̀ǹpútà, tí kò ní ju 0 àti 1 lọ, bí a ṣe ń kọ ọ́ ni 1, òdo 15, lẹ́yìn náà 1. Nítorí náà ìṣirò rẹ̀ yá, ìsọdipúpọ̀ 17 péré ni. Kí olùtumọ̀ má ṣe pè é ní “nọ́ńbà àṣírí”. Gbangba ni ó wà. Àṣírí ni àwọn aláìṣeépín ńlá méjì tí a sọ di púpọ̀ láti fi ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ náà.

Bí a ṣe ń pè é: ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́tàdínlógójì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta jẹ́ 5,000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ 500.